Irin Itan Tí Mo Mú Dán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà

Ṣàkírátù ìyàwó mi kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún yìí, nínú ààwẹ̀, kí oòrùn tó yọ. Orí itan rẹ̀ ló ṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, nígbà tó yọ̀ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Joju. Wọ́n fi irin sí i. Irin náà kò di eegun mú. Ó ń mì nínú rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ, títí kò fi lè dìde mọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi di egbò lórí ibùsùn, tí egbò náà fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe kú nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọwọ́ ẹni tí Ọlọ́run fi mú un wá ni mò ń sọ.

Èmi Àmọ̀dá ni mò ń sọ̀rọ̀. Mi ò kàwé. Bùkúnmi tó gba yàrá iwájú nílé mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má fi oyin sí i. Yunifásítì ló wà, iṣẹ́ irin tí wọ́n ń fi sára èèyàn ló sì ń kọ́ níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kó kọ ọ́ ni pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ yìí sínú nìkan, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀, títí tó fi máa dùn mọ́ mi.

Ní Àbámẹ́ta, mo rí irin pẹlẹbẹ kan lórí tábìlì rẹ̀, kò ju owó ẹyọ lọ. Ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, ó funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara lásìkò ọyẹ́. Mo ní, "Bùkúnmi, irin ìdọ̀tí ni wọ́n kó fún yín. Jẹ́ kí n bá ọ mú un dán." Mo ti gbé e. Ó já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ọmọ tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ mi láìkúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Funfun yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Irú ẹfun tó wà nínú eegun wa ni wọ́n fi bò ó. Bí ẹ bá bó o, irin lásán ló kù, eegun kò sì ní hù mọ́ ọn."

Mo bi í bóyá irin itan máa ń ní ẹfun yìí. Ó ní èyí tí wọ́n bá ṣe kí eegun lè dì mọ́ ọn máa ń ní in.

Irin tí mo rà fún Ṣàkírátù ní ẹfun yẹn lára. Mo wò ó, mo ní wọn kò ní fi irin tó rí báyìí sínú ìyàwó mi, kí n máa ṣe pólíṣì fún gbogbo ayé kí tèmi wá jẹ́ ìdọ̀tí. Mo fi òkúta fá a, mo fi kẹ̀kẹ́ aláṣọ tí ẹ̀rọ ń yí pa á lára títí mo fi rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pólíṣì ní Sángo, mi ò tíì mú irin kankan dán tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Òjò láti àárọ̀. Kò síná. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Bùkúnmi bi mí bóyá ti Ṣàkírátù nìkan ni. Mo ti fẹ́ fo ibẹ̀ dá. Rárá, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Nígbà tí mo mú irin náà dán tán, mo gbé e gba ọ̀dọ̀ Fàlílù tó tà á fún mi. Irin àti ohun èlò ọsibítù ló ń tà ní Sángo. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹbí rẹ̀ ló máa lọ ra irin lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á gbé e fún dókítà, àwọn yẹn á sè é kí wọ́n tó lò ó. Fàlílù gbé tèmi wò lójú oòrùn. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń sá fún funfun yẹn, wọ́n ń sọ pé òun ń ta àlòkù. Ó kó mẹ́ta tí ọ̀rá wọn ti ya fún mi. Mo mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dán fún un.

Mi ò mọ inú itan ẹni tí wọ́n wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ṣọ́ọ̀bù Fàlílù dá páropáro nígbà tí mo débẹ̀. Rónkẹ́ àkọ́bí mi ló fà á. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀, ó lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní kí gbogbo Sángo gbọ́ pé ayédèrú irin ni Fàlílù ń tà, pé òun ló pa ìyá òun. Mi ò dá a lẹ́kun. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Rónkẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà wá bú mi ni?"

"Irin mẹ́ta ni mo wá béèrè."

Ó yọ ọ̀kan lórí pẹpẹ, kò tíì tà á. Ó ní ọ̀kan wà lára Ṣóbándé, awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ìjù. Ìkẹta, Gbóyèga kan láti Àtàn ló rà á fún ìyá rẹ̀ ṣáájú ààwẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Fàlílù kò mọ̀ bóyá wọ́n ti fi í sí ìyá náà.

Mo sọ ohun tí Bùkúnmi sọ fún mi. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ẹni tó ń ta bàtà kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ."

"Ìwọ lo ní kí n mú mẹ́ta yẹn dán."

"Èmi ni. Ta ló mú àkọ́kọ́ dán?"

Ó ní, "Nígbà tí Rónkẹ́ ń pè mí ní oníjìbìtì lójú ọjà, mo mọ̀ pé irin tí wọ́n fi sí ìyá rẹ̀ kì í ṣe bí mo ṣe tà á. Ẹ ti bó o. Mi ò mọ̀ pé bíbó yẹn burú, ṣùgbọ́n ó lè gbà mí sílẹ̀ bí mo bá sọ ọ́. Mo wá wò yín, ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀. Mo ní kí n má dójú ti àgbà."

Ó bu omi fún mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bùkúnmi mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, wọ́n wọ aṣọ funfun fún mi, mo jọ ẹni tó ń lọ Mẹ́kà. Ó gbé irin kékeré méjì kalẹ̀, ọ̀kan dán, ọ̀kan ní ẹfun lára. Ó rì wọ́n sínú omi kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní omi ẹ̀jẹ̀ màlúù ni.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Purotéènì, Bàbá."

"Èyí tí dókítà ní kí n máa wá nínú ẹ̀wà?"

"Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ti inú ẹ̀jẹ̀ nìyí."

Ó ní bí wọ́n bá fi irin sínú èèyàn, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá a, wọ́n á ti jókòó sí i lára kí eegun tó mọ̀ pé àlejò dé. Eegun kì í rí irin fúnra rẹ̀. Àwọn tó jókòó sára irin ló ń rí. Bó bá rí àwọn tó mọ̀, tí wọ́n sì jókòó bó ṣe yẹ, á sún mọ́ wọn, á dì mọ́ irin. Bí kò bá rí wọn, á dúró lókèèrè, ẹran rírọ̀ á hù sáàárín, irin á máa mì. Ẹfun yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn tí eegun mọ̀ rí ibi jókòó.

Ó yọ irin méjèèjì, ó ṣàn wọ́n, ó wá da aró kan sí wọn. Ó ní ibi tí purotéènì bá wà nìkan ni aró náà máa ń mú. Èyí tó ní ẹfun mu aró bí aṣọ àdìrẹ. Èyí tó dán, aró ṣàn kúrò lára rẹ̀, ó ṣẹ́ku fẹ́ẹ́rẹ́ bí èérí ọrùn ẹ̀wù.

Ó tún fi nǹkan hàn mí lójú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àwọn hóró kéékèèké tó ń kọ́ eegun. Lórí ẹfun, wọ́n na apá na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ẹní ara rẹ̀. Lórí èyí tó dán, wọ́n ká jọ róbótó bí ẹni tó sùn nílé onílé.

Gbogbo ayé mi, ohun tó bá dán ni mo mọ̀ sí ohun tó mọ́.

Mo bi í, "Ṣé bí ti Ṣàkírátù ṣe rí nìyí?"

"A ò lè mọ̀ láìrí irin náà, Bàbá. Ó lè jẹ́ bíbó tí ẹ bó o. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó lè jẹ́ méjèèjì."

Irin náà wà nínú ibojì pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo gbé èyí tó kù lọ́dọ̀ Fàlílù wálé. Mo bi Bùkúnmi bóyá a lè dá ẹfun rẹ̀ padà, mo ní mo lè fi yanrìn họ ọ́ kó tún le lára. Ó ní iná tó gbóná ju ti alágbẹ̀dẹ lọ ni wọ́n fi ń fọ́n ẹfun náà sára irin, pé òun kò mọ ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ọ̀tà. Ohun tí mo fi ìdajì ọjọ́ bó, gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń rú èéfín ní Sángo yìí, kò sí èyí tó lè dá a padà.

Mo fi ayùn gé e sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó. Irin náà le. Ó pa ayùn mi. Fàlílù á bínú. Kó bínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀rù ọjọ́ yìí ti ń bà mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo wọ Márúwá lọ sí Ìjù. Ṣóbándé fúnra rẹ̀ ló wá ṣí géètì fún mi, ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ gba oyè.

"Ta lẹ̀ ń wá, Bàbá?"

"Itan rẹ ni mo wá wò."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó pe ìyàwó rẹ̀, "Wá wo àgbàlagbà tó wọkọ̀ wá wo itan mi. Láti ogójì ọdún tí ìwọ ti ń wò ó, o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ó dára."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Itan tó ń sá kiri," ni ìyàwó dá a lóhùn láti ilé ìdáná.

Ó ní nígbà tí dókítà òun gbé irin náà, ó yí i wò, ó ní èyí ti dán jù, eegun kò ní dì í mú. Ó wá fi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń lò fún eegun lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo délé, Bùkúnmi ní bẹ́ẹ̀ ló rí, bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì sí i, dídán kì í ṣe wàhálà.

Inú mi dùn nínú Márúwá tí mo wọ̀ bọ̀. Mo ní dókítà Ṣàkírátù ni kò la ojú rẹ̀, òun ló lẹ̀bi. Mo gbé inú dídùn yẹn dé Sángo. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni ojú tì mí. Irin tí mo gbé fún dókítà ló fi sí i. Èmi ni mo gbé e fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù keje

Dísẹ́ẹ̀lì tún ti gbówó lórí. Mi ò tan ẹ̀rọ. Àwọn tó kó ọwọ́ ilẹ̀kùn wá fún pólíṣì ti kó o lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Rónkẹ́ wá. Ó gbé ọbẹ̀ wá, ó fọ aṣọ mi, ó sì bú mi.

"Ṣé ẹ jẹun lánàá?"

"Mo jẹ."

"Irọ́ ni. Ìkòkò yín gbẹ."

"Ìwọ ni ìyá mi?"

"Mo ti di ìyá yín láti oṣù kẹta. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun."

Mo jókòó, mo jẹun. Ó ní bàbálọ́jà ti fi ẹjọ́ tí òun pe Fàlílù sí Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ. Bí ó bá jẹ̀bi, wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ síta, kò ní tajà ní Sángo mọ́.

"Ta ló máa sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin kàn máa jókòó ni. Kí wọ́n ṣáà rí yín."

Ó kọjú sí ata tó ń lọ̀. Láti ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé. Irọ́ tí mo pa lónìí, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan pa á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ike. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ní, "Baba, which Gbóyèga? Gbóyèga plenty for here." Mo dúró títí wọ́n fi jáde níṣẹ́, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé èwo ni ìyá rẹ̀ ṣẹ́ nítan. Wọ́n rò pé mo ń ṣépè. Ẹni kan ló dá mi lóhùn pé ti Àtàn ti lọ, pé ilé wọn kò jìnnà sí títì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Mo rí wọn. Wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eegun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìyá náà lọ, ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún, ni ọsibítù dá fún wọn. Ẹfúnkẹ́ ni ìyá náà ń jẹ́, àgbẹ̀ ni. Ó jókòó sórí ẹní lójúde, ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Gbóyèga gbé irin náà jáde, ó ti fi aṣọ funfun wé e. "Ẹ wò ó, Bàbá. Ó dán ju dígí lọ. Mo wo púpọ̀ kí n tó mú èyí."

Mo mọ ọwọ́ mi lára rẹ̀.

"Má jẹ́ kí wọ́n fi í sí ìyá rẹ. Kò dáa."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò dáa ni."

"Ta ló rán yín? Àbí Fàlílù fẹ́ gbà á padà, kó lọ tà á fún olówó?"

Àwọn ará ilé ti yí wa ká. Ohun tí mo fẹ́ sọ wà lẹ́nu mi. Mo wá ro Rónkẹ́. Àtàn kò jìnnà sí Sángo, ọ̀rọ̀ yìí á délé ṣáájú mi. Mo ní, "Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni." Mo dìde.

Gbóyèga sọ ọ́ lẹ́yìn mi, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: "Àwọn àgbà náà ti ń ṣe yàhúù báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bùkúnmi ka ti Àbámẹ́ta sí mi létí. Mo ní kó fa ìlà pa á rẹ́. Ó ní òun kò ní fà á.

"Bí ẹ kò bá padà lọ, Bàbá, èmi á lọ."

"Kò kàn ọ́."

"Ó kàn mí. Èmi ni mo sọ fún yín pé ẹfun ni iṣẹ́ náà. Ẹ ti mọ̀, èmi náà ti mọ̀. Bí wọ́n bá fi irin yẹn sí i lára, àwa méjèèjì la fi sí i."

Mo ní kó jáde kúrò níwájú mi. Ó jáde. Ó tún padà wọlé, ó ní òun kò tíì kọ ti òní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò rọ̀ láti Sángo dé Àtàn. Ọ̀nà Ìdíròkò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò mi. Gbóyèga kò sí nílé. Ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì kan tí wọ́n ń sá fún òjò.

"Ẹ tún dé. Gbóyèga ní bí ẹ bá tún wá, kí n pariwo."

"Pariwo, Ìyá Gbóyèga. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi ná."

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ní irin náà ní ohun funfun kan lára tí eegun máa ń dì mọ́, èmi ni mo bó o. Mo ní mo ti kọ́kọ́ bó irú rẹ̀ fún ìyàwó mi, wọ́n fi sí i, kò dì, ó sì ti kú. Mi ò mọ̀ dájú pé òun ló pa á. Mo mọ̀ pé mi ò lè jókòó kí wọ́n fi èkejì sí ẹlòmíràn.

Ẹfúnkẹ́ gbé ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó yín, ṣé ó mọ̀ pé ẹ mú un dán?"

"Ó mọ̀. Mo gbé e lọ hàn án lórí ibùsùn ọsibítù. Ó fi wo eyín rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ṣì lẹ́wà tó báyìí."

Ó ní, "Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn."

"Ìfẹ́ náà ni mo fi bó o."

Ó fa irin náà jáde lábẹ́ ẹní, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ tòun ti aṣọ funfun. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bá Gbóyèga sọ ọ́ o. Mi ò lè bá ọmọ mi jà lórí ẹsẹ̀ kan."

Mo dúró de Gbóyèga. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ abẹ. Níbo ni mo ti máa rí òmíràn?" A jọ wọkọ̀ lọ bá Fàlílù. Fàlílù kò jiyàn, ó gbé ọ̀kan tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì dì pinpin kalẹ̀, a rí ẹfun náà láti ìta. Ó gba èyí tó dán padà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní èmi ni mo máa gé e.

Fàlílù ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mi ò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n ṣe é fún Ẹfúnkẹ́ lánàá. Ó ti jí, ó ní ebi ń pa òun. Bùkúnmi ní kí n má tíì yọ̀, eegun kì í sáré, ó di bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ń dì mọ́ ọn. Mo ní mi ò yọ̀. Irọ́ ni. Mo yọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sílé Rónkẹ́. Ọ̀rọ̀ Àtàn kò tíì kàn án, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Aṣọ ọmọ ló ń lọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, láti orí ẹfun dé orí Ẹfúnkẹ́. Ó pa áyọ́ọ̀nù náà.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Oṣù kẹfà."

"Nígbà tí mo wá, tí mo ní kí ẹ wá jókòó kí wọ́n rí yín, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Ó ká ẹ̀wù tó wà níwájú rẹ̀. Ó tú u, ó tún un ká.

"Ti pé ẹ mú un dán, Bàbá, ẹ kò mọ̀. Ta ló mọ̀? Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ìyá mi ń sọ pé nǹkan ń mì nínú òun. Ẹ ní ọ̀lẹ ni. Ẹ mú un lápá, ẹ ń fà á yí ọgbà ká, ó ń ké. Mo wà níbẹ̀."

Dókítà ló ní kó máa rìn. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló pè é ní ọ̀lẹ.

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró ní pálọ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi wá sìn mí jáde.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀n ọjọ́

Rónkẹ́ kò pè. Bùkúnmi ní ká kọ nǹkan. Mo ní kó kọ ọ́ pé Rónkẹ́ kò pè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ

Orí fóònù Bùkúnmi ni Rónkẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí, kì í ṣe tèmi. Ó ní, "Bá mi bi Bàbá, kí ni kí n sọ lọ́la?"

Mo ní kí Bùkúnmi má fi fóònù dá a lóhùn. Ìwé yìí ni kó gbé lọ fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Rónkẹ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí.

Ìwọ ni àkọ́bí. Ìwọ lo pe ẹjọ́ yìí, ìwọ lo ni í. Mi ò ní kọ́ ọ bí o ṣe máa rò ó. Mo ti wo nǹkan lójú lásán rí, mo ní mo mọ ohun tó dáa, o rí ibi tó já sí. Fàlílù ní ẹ̀bi tirẹ̀: ó ta ohun tí kò mọ̀, ó sì ní kí n bó mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n irin tó tà fún mi kì í ṣe ayédèrú. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má gbàgbé.

Àwọn ẹbí ìyá rẹ kò tíì gbọ́. Bí o bá ní kí n lọ sọ fún wọn, màá lọ. Bí o bá fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ, sọ. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ Bùkúnmi. Ta ẹ̀rọ náà tàbí kí o jẹ́ kó wà níbẹ̀, mi ò ní tan án mọ́. Bí àkókò bá tó láti lọ wo ẹsẹ̀ Ẹfúnkẹ́, lọ bá mi wò ó, kí o sì sọ òótọ́ ohun tí o bá rí fún mi.

Ti ọ̀lẹ tí mo pe ìyá rẹ, mi ò ní àlàyé. Má dárí jì mí kíákíá. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní gbà ọ́ gbọ́.

Lọ́la, bàbálọ́jà á béèrè ẹni tí o mú ẹjọ́ rẹ̀ wá. O lè pe Fàlílù. O lè ní kí wọ́n fa ẹjọ́ náà ya. O lè pe orúkọ mi. Bí èmi lo bá pè, ìlà iwájú ni màá jókòó sí, kí o má baà máa wá mi kiri.